Ẹ má pa àwòrán tó ń dójú tì yín rẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́ pólímà, ọ̀kan nínú yín fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n, kóòdù mi ti bàjẹ́. Àwọn ìlà yìí ò tò lórí bọ́ọ̀lù." Ó dùn mí wọ egungun, torí ẹjọ́ tí èmi náà rò nígbà kan nìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ fi kóòdù ṣe àfarawé bí pólímà ṣe ń tò lórí ibi títẹ́jú. Ẹ mọ block copolymer: ẹ̀wọ̀n pólímà méjì, bíi polystyrene àti PMMA (oríṣi ike méjì), tí ara wọn ò gba ara wọn, tí a sì so nídìí pọ̀. Wọn ò lè túká, ni wọ́n fi ń tò ní ìlà-ìlà, nanometa 10 sí 100 láàárín ìlà kan sí èkejì. Lórí ibi títẹ́jú, bí ooru bá pẹ́ lára wọn, wọ́n á tọ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oṣù 7 ni mo fi wá bọ́ọ̀lù tí kò lábùkù. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru ní Abẹ́òkúta, èmi ni mò ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kí ìṣirò má bàa já. Bó bá di àárọ̀, ibi mẹ́rin ni ìlà á ti ká kò bí ìlà orí ọmọ ìka. Mo yí ooru padà, mo sọ bọ́ọ̀lù di ńlá, pàbó. Gbogbo èyí tó lábùkù ni mo pa rẹ́, àfi ẹyọ kan. Ọ̀gá mi sọ lójú gbogbo kíláàsì pé n kò mọ kóòdù kọ. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí òun náà kò ka àbùkù ọ̀hún wò rí.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti màmá mi ní Ìtòkú, wọ́n ń di ṣùkú fún oníbàárà. Ìlà ń gùn bọ̀ láti iwájú, láti etí, láti ìpàkọ́, gbogbo wọn forí lé àtàrí. Mo ní, "Màámi, ṣé wọn ò lè má pàdé ni?" Wọ́n ní, "Orí ló rí roboto. Níbo lo fẹ́ kí wọ́n gbà?"

Ọrùn gé orí, ìlà irun rí ibi parí sí; bọ́ọ̀lù ò lọ́rùn, tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo ṣí àwòrán kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. Bí mo bá yí ibi kíkákò kan po lẹ́ẹ̀kan, ìlà á yí ìdajì òbíríkítí: ààbọ̀ nìyẹn. Ààbọ̀ mẹ́rin, méjì géérégé. Iye tí bọ́ọ̀lù ń béèrè nìyẹn, bí a bá ro gbogbo ibi kíkákò rẹ̀ pọ̀. Ìmọ̀ Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ni, láti 1885. Ooru lè ṣí wọn nípò, kò lè mú wọn kúrò. Bí ẹ bá fa bọ́ọ̀lù gùn bí ẹyin, ẹ ó rí i tí wọ́n ń wọ́ lọ síbi ṣóńṣó, níbi tó ti tẹ̀ jù. Ibi tí wọ́n ń dúró sí gan-an ni iṣẹ́ mi ń wá, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Àbúrò mi, mo ti ka tìẹ. Mẹ́rin ni. Fi ìyókù ránṣẹ́, àní àwọn tó burú jù.