Ọjọ́ tí oògùn pá ọmọ mi lórí

Ọmọ mi ọkùnrin kò tíì pé ọdún méjì tí àyẹ̀wò fi gbé e jáde pé SS ni, ìyẹn àìsàn sickle cell. Láti ìgbà náà, a kì í sinmi oògùn nílé wa: folic acid (fítámì fún ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (oògùn tó ń dènà ibà) lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, penicillin V láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà ní àìsàn yìí máa ń ba ọlọ inú (spleen) ọmọ jẹ́ láti kékeré, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó máa gbógun ti àwọn kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀. Penicillin ló ń dí àlàfo náà títí ọmọ á fi pé ọdún 5, ó kéré tán. Ẹ ò lè sọ pé ẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀ kí ẹ fo ọjọ́ kan.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi, bí wọ́n sì ṣe ń rọ wá lágbo lèmi náà ṣe rọ tèmi. Màá tẹ́ ẹ sórí itan, màá dí i nímú, màá da oògùn sí i lẹ́nu. Ó ń gbé e mì, mo rò pé mo ti borí. Kò pẹ́, bó bá ti gbọ́ tí mo ń mi ìgò báyìí, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tó ti ń ké ni mo da oògùn sí i, ló bá pá a lórí. Ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ ń dúdú lọ. Mo dà á dojú bolẹ̀ sórí itan, mo ń gbá a lẹ́yìn, kó tó wúkọ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí di ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fún mi ní sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. "Ẹ gbé e jókòó. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí o, kì í ṣe ọ̀fun. Kó gbé díẹ̀ mì kẹ́ ẹ tó ti òmíràn."

Àṣìṣe mi kejì: mo lọ Paludrine, mo pò ó mọ́ odindi abọ́ ògì. Ó lá ṣíbí méjì, ó ti abọ́ dànù. N ò mọ iye oògùn tó wọ inú rẹ̀, ọmọ sì kọ ògì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní báyìí, àárín ṣíbí méjì ni mo ti ń lọ̀ ọ́, màá pò ó mọ́ oyin díẹ̀ (ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin), omi á sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n ń lọ̀ o, ẹ bi apòògùn léèrè ná.

Màmá ọkọ mi ń pè é ní súìtì. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáwọ́, torí ọmọ tó bá gbà pé súìtì ni á wá a lá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ò sí nílé. Ohun tí mò ń sọ fún un ni pé, "Oògùn ni, ó korò, ó máa tán kíákíá." N kì í bi í pé ṣé ó máa lò ó, torí "rárá" ló máa sọ. "Orí itan mi ni àbí orí àga?" ni mò ń bi í. Màmá á wá máa ki í lẹ́gbẹ̀ẹ́, "Àlàó, ọkọ mi," orí á wú u.

Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tó ń bì í. N kì í sáré fún un ní òmíràn, dókítà ni mò ń pè. Bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná dé 38°C, a kì í dúró jiyàn oògùn nílé, ọsibítù ni.

Láàárọ̀ yìí, ó fa omi sínú sìríǹjì, ó ń fún màlúù oníke rẹ̀ mu. "Ó korò, ó máa tán kíákíá." Ló bá yanu fún tirẹ̀.