Àtẹ́wọ́ Ẹyọ Kan Nínú Gbọ̀ngàn

Nígbà tí mo wálé sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìparí ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ wo gbọ̀ngàn tuntun kan tí àwọn ọmọ ìlú tó múlé gbè wá dáwó jọ kọ́. Ilé náà ga, ó sì dùn ún wò lójú: táìsì ló wà nílẹ̀, táìsì ló wà lára ògiri títí dé èjìká, páànù aláwọ̀ pupa ni wọ́n sì fi bò ó láìkan àjà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó kọjá ìlà kẹta kò mọ ohun tí ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ń sọ, bí wọ́n sì ti ń yí ẹ̀rọ náà sókè sí i ni ọ̀rọ̀ ń dàrú sí i. Nígbà tí wọ́n máa ṣe ìpàdé kejì, abẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ni gbogbo wọn jókòó sí.

“Àbẹ̀kẹ́,” Bàbá ní, “ìwọ lo ní àwòrán ilé eré nìkan ni ẹ̀ ń yà níbi iṣẹ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yá, kí ló ń ṣe èyí?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pàtẹ́wọ́ ná. Mo dúró sí àárín gbọ̀ngàn, mo pa àtẹ́wọ́ ẹyọ kan péré, mo sì tẹ aago fóònù mi. Ìró náà gòkè lọ bá páànù, ó kọlu ògiri ọ̀tún, ó kọlu ti òsì, ó tún padà wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó kú tán. Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá ń ya gbọ̀ngàn tí àwọn òṣèré yóò ti máa sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni a máa ń fẹ́ kí ìró fi kú. Bí ó bá jẹ́ ti orin àwọn onígòjé àti onífèrè tó pọ̀ rẹpẹtẹ, a lè jẹ́ kí ó tó méjì, nítorí pé irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń dùn sí i bí ìró bá fà díẹ̀. Mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ ẹnu ti kọjá àfaradà. Èrò tèmi sì ni pé èdè wa kò lè fara da irú rẹ̀ tó bí tàwọn òyìnbó ṣe lè fara dà á, nítorí pé níbi tí ó jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, bí ìrù ọ̀rọ̀ tó ṣáájú bá ṣì ń dún nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e jáde, etí kò ní mọ èyí tí yóò mú. Kí onílù má tilẹ̀ gbé gángan wọ ibẹ̀ rárá.

Ọdún 2016 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilé gbígbé ni mo fi ọdún méjì àkọ́kọ́ yà, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Iléeṣẹ́ tí mo wà báyìí kéré, a kò ju bí ọgbọ̀n lọ, ilé eré, ilé orin àti gbọ̀ngàn àṣà nìkan ni a sì ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, ọ̀gá mi kò fún mi ní àwòrán kankan láti yà. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi sí ilé eré mẹ́rin, ó sì dìídì yan àga tó burú jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gun òkè téńté ní London Coliseum, tí Frank Matcham yà, tí wọ́n ṣí ní 1904, mo sì rí i pé irin ni ó fi gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn olùwòran dúró láìsí òpó kankan níwájú ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ nínú gbọ̀ngàn Olivier ní National Theatre, iṣẹ́ Denys Lasdun, tí wọ́n ṣí ní 1976, ọdún kan náà tí tiwa ní Ìgànmú, ní Èkó, parí. Ènìyàn tó gbà tó 1,150, síbẹ̀ ó rí bí ìgbà tí àwọn ará ilé jókòó yí ẹni tó ń pàlọ́ ká. Wọ́n ní ilé eré àtijọ́ ti Epidaurus ní ilẹ̀ Gíríìsì ni Lasdun wò kọ́ ọ. Ní tèmi, àgbàlá ààfin Ògògà, ọba ìlú mi, ló wá sí mi lọ́kàn.

Ó ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi, mo wọ British Museum, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, inú rẹ̀ sì móoru. Ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà sí, ilẹ̀kùn ààfin ìlú mi ni mo ṣe kòńgẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, nígbà tí wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí bóyá ọjà náà dọ́gba.) Ọba jókòó lórí ìtẹ́ lápá kan, àwọn arẹrù gbé òyìnbó bọ̀ lápá kejì, gbogbo wọn sì yọ síta lára igi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé eré ni ó tó yé mi ìdí tí ó fi gbẹ́ wọn yọ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán nínú àgbàlá ni Ọlọ́wẹ̀ ń rò. Ọba wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́, ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago báyìí. Àwọn ènìyàn yí i ká, òfuurufú wà lókè orí wọn, kò sì sí páànù tí yóò dá ohùn ẹnikẹ́ni padà sí i létí.

Iṣẹ́ wa níbẹ̀, ojú àti etí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti ojú, a máa ń fa ìlà láti ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn lọ sí etí ìtàgé, a ó sì wo bí ìlà náà ti ga tó lókè ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá tó mìlímítà 120, yóò ré kọjá àtàrí ẹni iwájú. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹni ẹ̀yìn yóò máa yọjú láàárín orí méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá wọ́n ka gèlè mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ìyá ìyàwó lóde ìgbéyàwó ní Adó mọ̀ pé n kò ṣàwàdà.

Ní ti etí, ọwọ́ olùkọ́ físíìsì kan ni ìṣirò náà ti wá. Ní 1895, yunifásítì Harvard ní kí Wallace Sabine wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá sọ níbẹ̀ máa ń dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àti ààbọ̀. Lóru, nígbà tí ariwo ti rọlẹ̀, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a lọ yá tìmùtìmù orí àga láti ilé eré tó wà nítòsí, wọn a tò wọ́n sínú gbọ̀ngàn náà díẹ̀díẹ̀, wọn a fọn fèrè dùùrù, wọn a sì ka iye àkókò tí ìró fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ̀ pé bí ilé bá ti fẹ̀ tó ni ìró ń pẹ́ tó, àti pé bí ohun rírọ̀ bá ti pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni ìró ń yá kú tó. Ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900, òun náà ni a ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí.

Mo ròyìn tìmùtìmù yìí fún Bàbá, ojú rẹ̀ sì tàn. Ṣùgbọ́n kí n tó gbà kí a ṣe ohunkóhun, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn onírin mẹ́ta ló wà, inú ni gbogbo wọn ń ṣí sí, wọ́n sì ti fi ṣéènì àti àgádágodo ti méjì nínú wọn nítorí olè. Inú mi bà jẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, iná jó Iroquois Theatre ní Chicago, àwọn tó kú lé ní 600, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú sí ẹnu ọ̀nà tó wà ní títì tàbí tí èrò tó ń rọ́ bọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè fà sínú. Mo sọ ọ́ fún alága ìgbìmọ̀ wọn bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín yìí. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pe wẹ́dà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ìyá kó ẹní wá, àwọn ọmọdé ru fóòmù wá láti ilé tó yí ibẹ̀ ká. A so ẹní mọ́ ògiri ẹ̀yìn, a to fóòmù sórí àwọn àga oníke, mo sì tún pàtẹ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò tíì dára tó, nítorí pé páànù náà ṣì wà níhòòhò, àjà onípákó ni yóò sì yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà hàn sí gbogbo etí. Bàbá gun ìtàgé láìmú ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé bi màmá kan tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn bóyá wọ́n ti jẹun.

“Ta ló fún mi?” ni màmá náà dáhùn láti ẹ̀yìn, gbogbo wa sì gbọ́ ọ ketekete.

A dá àwọn fóòmù padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé àwọn tó ni wọ́n fẹ́ sùn. Nígbà tí mo fi ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wẹ́dà ti yí ilẹ̀kùn méjì síta, ó ń dúró de owó ẹ̀kẹta.