Ẹyin Tí Wọ́n Kọ Ní Alberta

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje ni ẹ̀gbọ́n mi fi mọ́tò gbé mi kúrò ní Edmonton, a kọrí sí ìlà-oòrùn. Kò tó wákàtí kan tí a fi dé abúlé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ará Ukraine tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Alberta, ní Kánádà. Ilé àtijọ́ gidi ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń wọṣọ ayé ọjọ́un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé nígbà náà.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti wúwo ni burdei. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi igi ṣe òrùlé lé e, wọ́n wá fi ilẹ̀ tó ní koríko lórí bò ó. Ibẹ̀ ni tọkọtaya àti ọmọ ti fara da òtútù ọdún àkọ́kọ́. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè." Mo mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ mo kí i kú àdánìkànwà.

Lọ́dún 1891 ni Ivan Pylypiw àti Wasyl Eleniak, àwọn ará Ukraine méjì láti abúlé Nebyliv, wá wo Kánádà. Ìlú wọn, Galicia, wà lábẹ́ Austria nígbà náà, ilẹ̀ tí bàbá ń pín fún ọmọ sì ti kéré jù láti bọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Kánádà, dọ́là 10 péré lèèyàn máa san kó tó gba éékà 160, tó bá lè ṣán an kó sì gbé orí rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé, àwọn tó tẹ̀lé wọn ti tó nǹkan bí 170,000.

Ìwé ìrìnnà Austria tí wọ́n gbé wọ̀lú ló wá ṣe wọ́n ní jàǹbá, torí Austria wà lára àwọn tí Kánádà ń bá jà nínú ogun náà. Láàárín 1914 sí 1920, ìjọba Kánádà kó èèyàn 8,579 sí àgọ́ ìhámọ́ bí ọ̀tá, àwọn ará Ukraine ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó dùn mí wọra. Ẹni tí o pè wá ro oko ni o tún fi wáyà ká mọ́!

A yà ní ìlú Vegreville wo ère ẹyin ńlá tí Ronald Resch ṣètò rẹ̀ lọ́dún 1975, tí atẹ́gùn ń yí. Ó wù mí, àmọ́ ẹyin gidi tí mo rí lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ló gbà mí lọ́kàn. Pysanka ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kíkọ. Wọ́n á fi ìda oyin gbígbóná kọ ibi tó yẹ kó funfun, wọ́n á rẹ ẹyin sínú aró yẹ́lò, wọ́n á tún fi ìda bo ibi tó yẹ kó jẹ́ yẹ́lò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú pupa, títí dórí dúdú. Ọmọ aládìrẹ ni mí. Nílé wa l'Óṣogbo, ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún la fi ń kọ aṣọ.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: "Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ tiwọn?"

Mo ní ìda oyin ni, Mà.

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń yọ ọ́ tí ẹyin ò fi fọ́?"

Mo ní wọ́n máa ń gbé e sún mọ́ iná àbẹ́là, ìda á sì yọ́, wọ́n á fi aṣọ nù ún. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n ra ẹyọ kan bọ̀.