Fọ́tò kan lọ́sẹ̀: bí ẹ ṣe lè ya ọmọ yín láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀

Bí iṣẹ́ fọ́tò-kan-lọ́sẹ̀ bá máa kú, ibi yíyàn ló ti sábà máa ń kú. Yíyà ò ni ẹnikẹ́ni lára, fóònù wà lápò. Àmọ́ tí òbí bá ya ọgọ́ta lọ́sẹ̀ yìí, tó ya ogójì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó sì ní òun á padà wá ṣà wọ́n nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, kó tó di oṣù kẹta, ẹgbẹ̀ta fọ́tò á ti wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ wo. Ọwọ́ kì í sì í dilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́mọ. Òfin kan ṣoṣo tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni dín kù nìyí: kí ọjọ́ Àìkú tó lọ, ẹ yan ẹyọ kan. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ gbé e sí fódà rẹ̀, ẹ pa àwọn tó jọ ọ́ rẹ́. Bí gbogbo fọ́tò ọ̀sẹ̀ náà ò bá dára, èyí tó sàn díẹ̀ nínú wọn ni ti ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ń bọ̀.

Ẹ má dá àkókò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún yíyà. Ẹ so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀. Irun dídì dára fún un gan-an: ọmọ á jókòó sójú kan fún wákàtí kan, ó lè jẹ́ méjì tí irun bá yi, ẹnu ọ̀nà tàbí fàráńdà tí ìmọ́lẹ̀ wà ni wọ́n sì sábà máa ń jókòó sí. Bí ọdún bá parí, irun fúnra rẹ̀ á máa sọ ìgbà: ṣùkú lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé wọlé, kolẹ́sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, irun títú ní òpin sáà. Ẹ̀wà ṣíṣà náà dára. Ẹ gbé tíréè ka iwájú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀, ìka á máa ṣiṣẹ́, ẹ̀wà tó kún tíréè á sì máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ lè ya fọ́tò mẹ́wàá kó tó rántí pé ẹ wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó rẹ́rìn-ín á kàn ṣí eyín sílẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ á le. Ẹ bi í ní ohun tó gbọ́dọ̀ ronú kó tó dáhùn, ẹ tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà kó tó la ẹnu.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù, òun ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ wa oòrùn tètè ń gun òkè. Láti bí aago méje sí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì rọ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, orí ló ń gbá: ihò ojú á ṣókùnkùn, imú á ju òjìji sí ètè, iwájú orí á máa dán. Ó di bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kó tó tún rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni àyè yọ, ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ọmọ dúró sínú ilé ní ìṣísẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, kó kọjú síta. Kí ẹ̀yin dúró síta, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ má baà dí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó wà níta á ta ìmọ́lẹ̀ sí i lójú láti ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ níbẹ̀ bá dúdú, ẹ tẹ́ aṣọ funfun síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ògiri pẹ̀lú: ọmọ tó fara ti ògiri aláwọ̀ ewé á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, kọ́tìnì búlúù á sì sọ awọ ara di eérú. Kò sí àtúnṣe orí fóònù tó ń mú un kúrò tán, ẹ ká kọ́tìnì náà.

Ìgbà ọyẹ́ máa ń ran onífọ́tò lọ́wọ́, nítorí eruku tó wà lójú ọ̀run ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, kódà ọ̀sán gangan ṣeé lò. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé eruku náà ń wọ kámẹ́rà. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta láàárín oṣù Ọ̀pẹ̀ sí Èrèlé, ẹ má sì fi etí ẹ̀wù nu lẹ́ńsì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, torí iyanrìn wẹ́wẹ́ ló ń ha gíláàsì. Ní ti ara ọmọ, ẹ fi ìpara pa á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kí funfun ọyẹ́ kúrò lórúnkún àti ìgbọ̀nwọ́. Fún ẹ̀yin tó wà ní London, òdìkejì ni: ní oṣù Ọ̀pẹ̀, oòrùn máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọmọ tó délé láti ilé ìwé. Ọ̀sán Àbámẹ́ta lẹ́bàá fèrèsé tó tóbi jù nínú ilé ni kí ẹ mú.

Awọ dúdú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, fi ń ṣètò àwọ̀ ní ilé ìfọ́tò jẹ́ ti obìnrin funfun, ohun tó bá sì bá awọ tirẹ̀ mu ni wọ́n kà sí dáadáa. Nǹkan ti ń yí padà. Ní 2021 Google gbé Real Tone, ètò kámẹ́rà tó ń fẹ́ kí awọ dúdú hàn bó ṣe rí, jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6 nítorí ọ̀ràn yìí gan-an. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kámẹ́rà kì í ka ojú ènìyàn sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fẹ́ kí gbogbo àwòrán jẹ́ àárín méjì, kó má funfun, kó má dúdú. Ẹ wọ ọmọ ní léèsì funfun lọ́jọ́ Àìkú, funfun á gba gbogbo ojú àwòrán, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọ á sì sọnù. Ẹ̀wẹ̀, bí ọmọ dúdú bá dúró síwájú ilẹ̀kùn dúdú, kámẹ́rà á fi kún ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ọmọ, ẹ fi ìka dì í mú títí àmì ìtìpa (lock) á fi hàn, kí ẹ wá fa ìka sókè kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, tàbí sísàlẹ̀ kó dín kù díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, níbi exposure compensation tí wọ́n ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀ tàbí dín in kù, ẹ fi +1 sí i fún aṣọ funfun, ẹ yọ bíi 0.7 fún ẹ̀yìn dúdú. Léèsì náà ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n: ẹ fẹ àwòrán náà lójú fóònù, kí ẹ wo ihò ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí àwọn ihò náà, ẹ ò tíì kọjá ààlà. Bí aṣọ bá ti di funfun báláú tí kò ní ihò, ẹ dín in kù.

Ẹ sì pa ohun tó ń dán ojú lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní Beauty. Lórí àwọn fóònù kan, ó ti wà ní títàn látilẹ̀ fún kámẹ́rà iwájú. Ó ń bó ọmọ lójú, ó ń pa àpá ẹ̀fọn àti ilà ojú rẹ́. Èmi ò rí ìdí tí ènìyàn fi máa ya ọmọ rẹ̀ fún ọdún kan tí ojú inú fọ́tò kò sì ní jẹ́ ojú ọmọ náà.

Fọ́tò tó ṣe bàìbàì, àìtó shutter speed ló sábà ń fà á, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa; 1/125 jẹ́ ìdá kan nínú 125 ti ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó jókòó, 1/125. Ọmọ tó ń rìn tàbí tó ń fọwọ́ ṣeré, 1/250. Eré sísá àti fífò, 1/500 sókè. Ẹ wo ọmọ tó ń ta sùwé: nígbà tó bá fi ẹsẹ̀ kan fò, ibì kan wà lókè tí ara rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fóònù máa ń pẹ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, tàbí kí ẹ di bọ́tìnì mú kó ya léraléra, kí ẹ wá yan ẹyọ kan. Ẹ kúnlẹ̀. Kámẹ́rà tó wà ní gíga ojú àgbàlagbà máa ń sọ ọmọ di orí ńlá lórí ẹsẹ̀ kéékèèké. Ní ti ọmọ tó ń rákò, ẹ dojú fóònù dé kí lẹ́ńsì wà nísàlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ISO 3200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó); àwòrán tó rí hóró-hóró ṣì ṣeé wò, èyí tó gbọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn.

Alẹ́ ni gílóòbù ń dá wàhálà sílẹ̀. Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò rí i, kámẹ́rà rí i: ilà dúdú á fà kọjá lórí àwòrán. Ẹ lo 1/100 tàbí 1/50, ilà náà á lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ nìkan lẹ lè yà. Ní Amẹ́ríkà tí iná jẹ́ 60Hz, 1/120 tàbí 1/60 ni. Bó bá sì jẹ́ ọ̀sán, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà, ẹ pa gílóòbù, kí ojú ọmọ má baà pọ́n lápá kan kó sì búlúù lápá kejì.

Fóònù tí ẹ sún mọ́ ojú ọmọ jù ń fẹ imú àti iwájú orí. Ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, ẹ lo 2x tó ń fa àwòrán sún mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Portrait mode tó ń sọ ẹ̀yìn ọmọ di bàìbàì náà, ẹ ṣọ́ ọ: ó sábà máa ń gé ìdí irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ etí irun dànù. Kámẹ́rà gidi pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm f/1.8 kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ ó ní tirẹ̀. Nọ́ńbà f ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bó bá ṣe kéré ni ó ń ṣí gbòòrò, ibi tó mọ́ á sì kéré. Ní f/1.8, ojú kan lè mọ́ kí èkejì má mọ́. f/2.8 tó fún ọmọ kan, f/4 fún méjì, f/5.6 fún mẹ́ta tí wọn ò dúró lórí ìlà kan.

Ẹni tó bí ìbejì, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ya méjèèjì pọ̀. Fọ́tò ìbejì ní ìtàn lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ṣèwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970 rí i pé bí ọ̀kan bá ti kú, onífọ́tò á tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí méjèèjì lè pé.

Orúkọ fáìlì: 2026-W07_Kehinde, ìyẹn ọ̀sẹ̀ keje ọdún 2026. Ẹ má fi àmì ohùn àti ìdí lẹ́tà sí i, torí kọ̀ǹpútà mìíràn á sọ ọ́ di jágajàga. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìkà yìí, ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ọdún wà nínú rẹ̀ sì ni W01. Ọdún 2026 ní ọ̀sẹ̀ 53, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta pamọ́, kí ọ̀kan má sí nínú ilé. Ẹ má ka WhatsApp sí ibi ìpamọ́: ó ń fún fọ́tò kéré, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù sì sábà máa ń di bíi píksẹ́lì 1600 (píksẹ́lì ni àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán). Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún bébà 4×6 íǹṣì, tó ń fẹ́ píksẹ́lì 1200×1800, ṣùgbọ́n kò lè ṣe 8×10, tó ń fẹ́ 2400×3000. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bó bá jẹ́ ojú íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, ẹ pa location tó ń sọ ibi tí ẹ ti ya fọ́tò náà, kí báàjì ilé ìwé má sì hàn.

Ẹ tẹ̀ wọ́n síta lóṣooṣù, mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Fóònù ń ya 4:3, bébà 4×6 jẹ́ 3:2, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni wọ́n máa gé. Bí fọ́tò bá wà ní ìbú, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ìyẹn orí ọmọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè tàbí fìlà nígbà tí ẹ bá ń yà á. Bó bá wà ní òró, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ, kí ẹ ṣọ́ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti ọjọ́ orí sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bébà fọ́tò òde òní ní ọ̀rá lẹ́yìn: pẹ́ńsùlù kì í mú un, bírò tí ẹ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì yọ sí ojú ọmọ níwájú. Máákà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi kì í fọ̀ ló dára, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó wọn lé ara wọn.