Nọ́ńbà ara táyà kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé o

Láàárọ̀ yìí, kí n tó gbé màámi lọ sí Mápó, mo yà lọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Mọ́kọ́lá láti géèjì táyà ọ̀kadà mi. Ọmọ iṣẹ́ wọn wo ara táyà ẹ̀yìn, ó rí 41 tí wọ́n tẹ̀ sí i, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká gbé e débẹ̀?"

Mo ní rárá o! Ibi tí agbára táyà mọ ni nọ́ńbà yẹn. Ti àwọn tó ṣe ọ̀kadà ni ká tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tàbí tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá a wá. A jọ lóṣòó, mo fi àtàǹpàkò nu eruku orí bébà náà: iwájú 25, ẹ̀yìn 28 téèyàn bá dá gùn ún, 32 tó bá gbé ẹlòmíì. Torí màámi, 32 la fún ẹ̀yìn.

Ìdí tí mo fi ń ṣe é láàárọ̀ nìyí: táyà tó ti sáré lórí títì ti gbóná, géèjì á gbé nọ́ńbà tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá yọ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn, tí táyà bá fi máa tutù, á ti rọ̀. Táyà tó rọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀kadà yí dáadáa ní kọ́nà, á sì tètè jẹ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ẹ̀wẹ̀, kì í di ọ̀dà mú dáadáa, pàápàá tójò bá rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọ̀kadà gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra géèjì tiyín, kò wọ́n.