Kí Kílò Tó Bá Lọ Má Padà Wá

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹni tó bá fẹ́ fọn kì í pẹ́ rí ohun tí yóò ṣe. Á pa oúnjẹ alẹ́ tì, á ta kété sí búrẹ́dì, á ra tíì aṣínú kan bọ̀ láti ọjà Ouando, kó tó di oṣù kẹta aṣọ ti ń ṣò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wọn ti padà síbi tí wọ́n ti kúrò, àwọn mìíràn sì ti kọjá ibẹ̀. Tíì yẹn, omi àti ìgbẹ́ nìkan ló ń lé jáde, kò fọwọ́ kan ọ̀rá. Fífọn kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Iṣẹ́ ńlá ni pé kó dúró, ọjọ́ kìíní sì ni ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn.

Ìdí tó fi ń padà rèé. Bí ọ̀rá bá ti ń dínkù lára, ara a máa ṣe bí ẹni pé ìyàn ti mú. Á dín agbára tó ń ná lójúmọ́ kù, á sì fi kún ebi. Ní ọdún 2016, olùṣèwádìí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò lára, ìfẹ́ oúnjẹ máa ń fi nǹkan bíi kálórì 100 (kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) pọ̀ sí i lójúmọ́. Ẹni tó fọn kílò 8, ebi kálórì 800 ló ń bá a rìn kiri, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ tó ti fúyẹ́ kò nílò oúnjẹ tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kánjúwà. Ẹni tó kàn ń fara da ebi yóò rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dájú. Oúnjẹ tó ń yóni tí kálórì rẹ̀ kò pọ̀ la ó wá, tí gbogbo ilé á lè máa jẹ títí ayé.

Ẹ má sì gbé òkúta tó ju agbára yín lọ. Ẹni tó wọn kílò 95, tó ga ní mítà 1.65, kò pọn dandan kó padà sí 65. Bí ó bá yọ ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn kílò 5 sí 9 àti ààbọ̀, láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á ti máa wálẹ̀. Ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀ dára púpọ̀. Kílò 2 tàbí 3 tó máa ń lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí èyí bá dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ènìyàn á ní ètò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á sì pa á tì, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ, kí ẹ fi wọn ìbàdí, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìdí. Obìnrin tó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ọkùnrin tó bá kọjá 94, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọbẹ̀ tòmátì fún ènìyàn mẹ́fà, kì í ṣòro rárá kí ààbọ̀ lítà òróró wọ inú rẹ̀, ká má tíì ka èyí tí wọ́n fi dín ẹja. Ààbọ̀ lítà òróró lé ní kálórì 4,100. Bí a bá pín in sí mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì bu àkàsà. Epo pupa kò sàn ju òróró ẹ̀pà lọ nínú èyí: gíráàmù ọ̀rá kan, kálórì 9, ti gàrí tàbí àgbàdo, 4. Ṣíbí ìjẹun ńlá méje òróró tó fún ìkòkò kan náà. Nǹkan bíi 140 ni yóò kan ẹnì kan nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ ni ẹ máa ṣe èyí, ẹ ti yọ kálórì tó lé ní 500 láìdín òkèlè kankan kù.

Ọ̀nà tí a ń gbà sè é rèé. Ẹ lọ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà, ẹ dà á sínú ìkòkò láìsí òróró rárá, kó máa hó lórí iná tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Nígbà tí ẹ bá fa ṣíbí kọjá nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dúró tí omi kò ṣàn padà bò ó, ìgbà yẹn ni kí ẹ wọn òróró ṣíbí méje sí i. Ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 10 kí kíkan tòmátì lè lọ. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, nítorí òróró tó pọ̀ ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìkòkò tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ díẹ̀, á jóná. Ẹ fi iyọ̀, ata ilẹ̀ àti ááyù pa ẹja lára, kí ẹ gbé e ní tútù sínú ọbẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú 15 dípò dídín. Wàgàsí (wàrà) náà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ má dín in.

Bí ẹ bá kúrò ní ààbọ̀ lítà bọ́ sí ṣíbí méje lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé á kọ̀ ọ́, ọbẹ̀ méjì ni ẹ ó sì máa sè, èyí tí kò lè tọ́jọ́. Ẹ máa dín in kù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹnu á bá a mu. Kí ìyá ilé sì ya lítà kan sọ́tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé fún ènìyàn mẹ́fà, fún ohun gbogbo tí wọn yóò sè lọ́sẹ̀ yẹn.

Iyán kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá búra pé òun kò ní jẹ ẹ́ mọ́, mo mọ̀ pé á padà sí i, ìpadàbọ̀ náà kì í sì í mọ níwọ̀n. Èyí tó tó ìkúùkù ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti tó, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbọma kún ìdajì àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀. Gàrí ló yẹ ká ṣọ́ra fún, torí ó ń wú: gíráàmù 100 rẹ̀ ní gbígbẹ jẹ́ nǹkan bíi kálórì 360. Ẹ̀wà sísè dára gan-an, òróró tí wọ́n ń dà lé e lórí ló ń bà á jẹ́. Ní ti ohun mímu, ìgò bíà sẹ̀ǹtílítà 65 tó nǹkan bí 270, sucrerie (ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò) ìgò ńlá súnmọ́ ọn, kò sì sí èyí tó ń yóni nínú wọn.

Ìrìn nìkan kò lè mú kílò púpọ̀ lọ. Ẹni tó wọn kílò 80 tó rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, kálórì bíi 150 ló ná, kò tó ìgò bíà kan. Ṣùgbọ́n ìrìn ni kì í jẹ́ kí èyí tó ti lọ padà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1994 ni àwọn olùṣèwádìí Rena Wing àti James Hill bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó fọn tó kílò 13 àti ààbọ̀, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà fún ọdún kan ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ ara tó wákàtí kan lójúmọ́, tí wọ́n sì ń wọn ara wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, zem (ọ̀kadà akérò) ló ń gba wákàtí náà lọ́wọ́ wa. Ibi tó jìnnà tó kìlómítà 2, ẹsẹ̀ á dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 25. Ẹ máa fẹsẹ̀ lọ, kí ẹ máa gun zem bọ̀ bí ẹrù bá wà. Ẹ fi kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dìde láìfọwọ́tì, ìgbà 12, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí a bá fọn láìlo iṣan, tí ẹja àti ẹ̀wà sì kéré lójú àwo, iṣan náà á bá ọ̀rá lọ.

Àwọn ènìyàn á sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rù là ń bi pé, “Ṣé kò sí?” Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú kí wọ́n má bàa máa fòyà. Ìyàwó tí ìyá ọkọ tún ń bu iyán kún àwo rẹ̀, kó kúnlẹ̀ kó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ó dùn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí dé alẹ́.” Kò sí ìyá tí yóò bínú sí ìyẹn. Ọjọ́ ìnáwó, ẹ má febi para yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà díẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide tàbí ínsúlíìnì, kó rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó sì ń rù láìṣe nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé kílò tí ẹ ń lé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa wọn ara yín láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lórí ìwọ̀n kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, ṣáájú oúnjẹ. Iyọ̀ àti nǹkan oṣù lè fi kílò 1 tàbí 2 kún un fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí kílò 2 bá lé lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, ẹ má dúró kó di 5. Ẹ padà sí wíwọn òróró ní ṣíbí-ṣíbí lọ́jọ́ náà, ẹ dá bíà àti sucrerie dúró fún oṣù kan, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 15 kún ìrìn yín.