Ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba másítà mi jẹ́

Ìbéèrè kẹta ni mo kà dé tí bàbá náà fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó ní, "Ọmọ mi, ká ìwé rẹ. Ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa." Pálọ̀ rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ la jókòó sí; ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ni mo ń ṣe ìwádìí másítà mi lé lórí. Omi tútù tí wọ́n gbé fún mi, mi ò tíì mu ún dé ìdajì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, bàbá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò sí iná tó máa gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ló sìn mí dé ẹnu géètì, òun náà ló sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi: "O pe bàbá ní àtìpó nínú ilé tí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kọ́."

Lójú tèmi, mi ò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn ìwé tí mo kà máa ń lò fún ẹni tó wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Mo gbé e wá sí Yorùbá, àtìpó ló jáde, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìbéèrè mi láìbẹ̀rù.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, mo sì ti padà sí Iléṣà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan parí kí ẹnì kan má pè mí pé, "Àǹtí, mo fẹ́ lọ ṣe másítà lórí aáwọ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀, kí ni kí n mọ̀?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lórí fóònù ni mo ń kọ síbí, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti ìwé kúrò nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript yín, ìwé tí máàkì yín ní fásitì wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, wọ́n á béèrè àwọn tó máa jẹ́rìí yín. Ẹ má fi olùkọ́ tí kò mọ ojú yín sí i nítorí pé ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Transcript tèmi lo oṣù márùn-ún láti orí tábìlì kan dé orí tábìlì kejì. Nígbà tó yá, mo rántí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ onígbèsè, wọn kì í jókòó, ṣe ni wọ́n máa ń lóṣòó títí owó á fi jáde; ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Èmi náà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ní ti owó àti àkókò, ẹ fi àlékún sí méjèèjì. Lọ́dún 2022 nìkan, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ fásitì ìjọba fi dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ó yá, ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí a ṣe ń parí ìjà tọkọtaya la ń lọ kọ́. Johan Galtung, ọmọ Norway tó dá ilé ìwádìí lórí àlàáfíà sílẹ̀ ní Oslo lọ́dún 1959, kò ní kúrò létí yín. Òun ló ya àlàáfíà sọ́nà méjì: èyí tí ìbọn kàn dákẹ́, àti èyí tí ohun tó fa ìbọn yíyìn fúnra rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n á kọ́ yín nípa Rwanda, níbi tí rédíò kan tó ń jẹ́ RTLM ti ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, títí wọ́n fi ń pa ènìyàn bí ẹni pa aáyán lọ́dún 1994. Ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ sí Arusha, ní Tanzania, dá méjì lára àwọn tó dá rédíò náà sílẹ̀ lẹ́bi lọ́dún 2003. Mo kọ gbogbo èyí sínú ìdánwò, máàkì mi sì dáa. Kò ní kí n má lọ pe bàbá arúgbó ní àtìpó.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, "conflict," tó lè fi kó gbogbo oríṣi ìjà pọ̀, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkùnsínú wà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì la ẹnu. Aáwọ̀ wà, tí ìkíni ti ń tutù. Asọ̀ ni èyí tí aládùúgbò ń gbọ́. Ìjà wà, rògbòdìyàn wà, kí a tó wá kan ogun. Bí ẹ bá bi ẹni tí ilé rẹ̀ jóná léèrè nípa "aáwọ̀" ọdún náà, á ní ẹ ń fojú kéré ohun tí ojú òun rí. Bí ẹ bá pè é ní "ogun" níwájú ẹlòmíràn, á ní ṣé ẹ fẹ́ kó padà wá ni. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni èdè-àìyedè. Ẹ tú u wò: èdè tí kò yé èdè. Ohun tí mo ta ilẹ̀ láti lọ kọ́, tí wọ́n fi "àti" so apá kan rẹ̀ mọ́ èkejì, ìyá mi ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè é láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Mo ní kí n fi odindi orí kan nínú ìwé mi sọ ọ́, alábòójútó mi ní ojú ìwé méjì ti tó. Títí dòní mo ṣì rò pé ó jẹ mí ní orí kan.

Nígbà tí wọ́n lé mi tán ní Modákẹ́kẹ́, mo sáré pa àtìpó rẹ́, mo kọ "àwọn ará ìlú Modákẹ́kẹ́" dípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà níwájú ìyá àgbà kan, ọmọ Ifẹ̀, ní Ìrẹmọ. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. "Ìlú? Àdúgbò wo nínú Ifẹ̀ ló wá di ìlú?" Màmá kò lé mi o. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi inú rere dá mi lóhùn bí ẹni ń dá ọmọ jẹ́léósinmi lóhùn, èyí tó dùn mí ju lílé lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ọjọ́ orí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tó sá wá sí Ifẹ̀ kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn onílé. Láàárín 1840 sí 1850 ni Ọọ̀ni tó wà lórí oyè fún wọn ní ibi tí wọ́n á dá dúró sí, wọ́n sì ní igbe ẹyẹ àkọ̀ tó wà lórí igi níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Modákẹ́kẹ́. Ìgbà tí kòkó dé, ìsákọ́lẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀, di wàhálà. Ẹni tó ń gbà á ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ bàbá òun ni. Ẹni tó ń san án ní ta ló ń san owó ilẹ̀ tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, tún dá kún un. Ó gbiná ní 1981. Ó tún gbiná ní 1997 títí di 2000, nítorí wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, ẹnu kò sì kò lórí ibi tí oríkò rẹ̀ máa wà. Ìlú, àdúgbò, àtìpó, onílẹ̀, ìsákọ́lẹ̀: kò sí èyí tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tó ni ín. Bí ẹ bá ti la ẹnu mú ọ̀kan, wọ́n ti mọ ẹ̀yìn ta lẹ wà.

Mo tún gbójú lé e pé mo jẹ́ ará Iléṣà, pé aláìdásí ni wọ́n máa kà mí sí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Modákẹ́kẹ́ ló gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ gbè sẹ́yìn Ifẹ̀ nígbà Kírìjí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ogun Kírìjí, láti 1877 dé 1893, Èkìtìparapọ̀, àwọn tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, tí àwọn tiwa wà nínú rẹ̀, ran Ifẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, àdéhùn ọdún 1886 sì ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Kíláàsì ìtàn ni mo ti gbọ́ ọ. Òun, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Nínú Kírìjí yẹn kan náà ni mo ti rí ohun tí mo fi tún iṣẹ́ mi ṣe. Nígbà tí gómìnà Èkó fẹ́ bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní 1886, pásítọ̀ méjì ló gbé ìwé náà lọ: Samuel Johnson, tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn mọ̀, àti Charles Phillips, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé bí odindi gómìnà kò bá dá lọ, èmi wo ni mo ń dá lọ? Mo wá tèmi. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ifẹ̀. Èkejì jẹ́ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Lagere, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó fẹ́ ọkọ Ifẹ̀. Mi ò fún wọn ní ìwé ìbéèrè kà, mo kà á sí wọn létí, torí etí ni àwọn àgbà máa fi gbà á. Obìnrin yẹn á kàn máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀, á ní, "Èyí, wọ́n á lé ẹ. Èyí, wọ́n á purọ́ fún ẹ. Èyí, ìwọ lo máa sunkún." Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò nílé ẹ̀kọ́ ti buwọ́ lu ìwé yẹn kan náà láìbéèrè nǹkan kan. Nínú ìbéèrè méjìlélógún, méjì péré ló ṣẹ́ kù tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀: Kí lẹ máa ń pe ibi tí ẹ ń gbé? Kí làwọn tó wà lódìkejì máa ń pè é?

Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó tan rẹ́kọ́dà. Bí wọ́n bá ní "pa á," ẹ pa á lójú wọn. Ẹ sì máa fi gbogbo ohùn tí ẹ bá gbà ránṣẹ́ sí íméèlì yín lálaalẹ́. Fóònù mi bọ́ sínú omi òjò, ohùn ẹni mẹ́rin ló bá a lọ.

Aláṣọ yìí ló mú mi padà lọ bá bàbá. Mi ò gbé ìwé dání, búrẹ́dì ni mo gbé. Mo ní, "Bàbá, níbo ni wọ́n bí yín sí?" Ó nàka sí yàrá kan lẹ́yìn mi. Àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti yí kí bàbá tó dákẹ́. Ó sọ fún mi nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe kòkó, tí wọn kò rí ara wọn jálẹ̀ gbogbo wàhálà náà. Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí fi iṣu mẹ́ta rán ọmọ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan níbẹ̀. Bàbá ní, "Mo sè é, mo jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì mo fi epo ránṣẹ́." Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kú. Mi ò mọ orí tí Galtung ì bá fi èyí sí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni, torí náà ó ní kí n tú ibi tó ti wà nínú rẹ̀ fún òun. Mo ṣí i, mo ń tú u lọ, mo dé ibi tí mo ti júwe rẹ̀: "olùgbé Modákẹ́kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́."

"Olùgbé?" Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ni lánlọ́ọ̀dù mi?"

Wọ́n ti fi páálí líle di ìwé náà, wọ́n ti fi wúrà tẹ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀. Mo yọ báírò nínú báàgì mi, mo fa igi lé e níwájú rẹ̀.